Lẹ́tà sí àwọn tó ṣe ọkọ̀ oníná wa: kí ni ẹ fẹ́ kí wọ́n tún ṣe nínú sọ́fítíwíà rẹ̀?

ÌyáOlóògùn_Gbàgádà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin tí a jọ ń wa ọkọ̀ oníná l'Ékòó. Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ dá mi lóhùn, torí mo fẹ́ kó èsì yín jọ sínú lẹ́tà. Ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ mi fi àyè sílẹ̀ nínú áàpù wọn fún ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ kí wọ́n tún ṣe. Mo ti kọ̀wé síbẹ̀ rí. Wọ́n ní àwọn dúpẹ́, ó parí síbẹ̀. Mo rò ó pé bí àwa púpọ̀ bá sọ ohun kan náà pọ̀, tí a sì ṣàlàyé bí ìlú wa ṣe rí, ẹni tó jókòó síbi tí wọ́n ti ń kọ sọ́fítíwíà náà á rí ohun dì mú.

Gbàgádà ni mò ń gbé, Ìdúmọ̀tà ni mo ti ń ta oògùn. Láàárọ̀, mo máa ń gba Third Mainland Bridge, màá sọ̀ sí Adéníji Adélé, màá sì wá ibi gbé ọkọ̀ sí kí ọjà tó kún. Ọ̀nà náà kò jìn, afárá yẹn látòkè délẹ̀ kò pé kìlómítà 12. Bátìrì ọkọ̀ mi gba yúníìtì iná (kWh) 60, ó pọ̀ tó fún mi. Ọkọ̀ náà tẹ́ mi lọ́rùn. Kì í pariwo, kì í rùn, mi ò sì tò fún epo mọ́. Nítorí pé mo fẹ́ràn rẹ̀ ni mo ṣe ń da ara mi láàmú lórí ibi tó kù sí.

Ibi tó kù sí ni pé ẹni tó kọ sọ́fítíwíà rẹ̀ gbà pé iná kì í lọ.

Ẹ wò ó bí ó ṣe máa ń rí. Màá fi ọkọ̀ sí ṣáájì lálẹ́, màá lọ sùn. Wọ́n á mú iná ní òru, wọ́n á sì dá a padà kí ilẹ̀ tó mọ́. Firíìjì á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ padà, fáànù á máa yí, ọkọ̀ á wà níbẹ̀ bí ẹni tí kò gbọ́ pé iná ti dé. Kò ní gba iná mọ́ àfi tí mo bá sọ̀ kalẹ̀, tí mo yọ ẹnu wáyà, tí mo tún kì í bọ̀ ọ́. Bí mo bá wá lo ètò tó ní aago nínú, pé kó bẹ̀rẹ̀ ní aago 12 òru, ó tún burú ju ìyẹn lọ. Tí iná kò bá sí ní aago 12 yẹn gan-an, kò ní gbìyànjú mọ́ títí di òru ọjọ́ kejì.

Ẹni tó bá sọ fún mi pé kí n kúkú kó lọ sí àdúgbò Band A, Band A ni mo wà. Wákàtí 20 lójúmọ́ ni ìlérí Band A. Bí ìlérí yẹn bá ṣẹ pátápátá, wákàtí mẹ́rin ṣì wà tí iná kò ní sí, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ìgbà tí wákàtí mẹ́rin náà máa bọ́ sí. Owó rẹ̀ kì í sì í ṣe owó kékeré. Oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni NERC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná, gbé e lọ sí ₦225 fún yúníìtì kan, kí wọ́n tó dín in kù díẹ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó ń san irú owó yẹn fẹ́ kí gbogbo wákàtí tí iná bá fi wà wúlò fún òun.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ ni pé kí ọkọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ tí iná bá dé, ṣùgbọ́n kó má ṣe kánjú. Iná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kì í fìdí múlẹ̀ bọ̀rọ̀. Ó lè ga jù, ó lè lọ, kó tún padà lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ̀rọ kékeré tí a ń kì bọ ara ògiri láti fi ṣọ́ firíìjì ṣe máa ń ṣe gan-an ni kó ṣe: kó dúró ìṣẹ́jú mélòó kan, kó wo fóltéèjì bóyá ó ti rọlẹ̀, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà.

Èkejì bá a tan. Tí gbogbo ilé ládùúgbò bá ti tan AC wọn lálẹ́, fóltéèjì wa máa ń já sí 180, ó sì máa ń lọ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà mìíràn. Ọkọ̀ mi á kọ̀ pátápátá. Kí ló dé tí kò lè dín ámpù, ìyẹn ìwọ̀n iná tó ń fà, kù? Bí 32 bá pọ̀ jù, kó gba 16. Bí 16 bá pọ̀ jù, kó gba 10. Ámpù 10 lórí fóltéèjì 220 jẹ́ yúníìtì méjì ó lé díẹ̀ ní wákàtí kan. Láti aago 10 alẹ́ sí aago 5 ìdájí, yúníìtì 15 nìyẹn. Ó gbé mi lọ Ìdúmọ̀tà, ó gbé mi bọ̀, ó sì tún ṣẹ́ kù. Àwọn ọkọ̀ Tesla máa ń dín ámpù kù fúnra wọn tí wọ́n bá rí i pé iná ń ṣe ségesège, torí náà kì í ṣe ohun tí kò ṣeé ṣe.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ AC nígbà tí ọkọ̀ bá dúró. Ara páálí ọ̀pọ̀ oògùn ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kò gbọdọ̀ kọjá digirí 30. Inú ọkọ̀ tó wà nínú oòrùn lẹ́bàá ọjà kọjá ìyẹn dáadáa. Ọkọ̀ mi lè fi AC sílẹ̀ ní títàn lẹ́yìn tí mo bá ti sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n á pa á láìpẹ́, kò sì sí ibi tí mo ti lè sọ fún un pé kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọdún 2019 ni Tesla ti ní èyí tó máa ń mú inú ọkọ̀ tutù fún ajá tí olówó rẹ̀ bá fi sílẹ̀. Ohun kan náà ni mo fẹ́, kí n máa yan wákàtí rẹ̀ fúnra mi, kí ọkọ̀ sì fi tó mi létí lórí fóònù bí bátìrì bá ti ń lọ sílẹ̀.

Kí ó sì máa fi wákàtí hàn mí nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, kì í ṣe kìlómítà nìkan. Tí ọkọ̀ bá dúró lórí afárá, kìlómítà kò sọ nǹkan kan fún mi. Tí ó bá ku ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, yúníìtì 12 ló kù. Bí AC bá ń jẹ yúníìtì kan àbọ̀ ní wákàtí kan, wákàtí mẹ́jọ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń bẹ̀rù ọkọ̀ oníná l'Ékòó, ẹ̀rù pé bátìrì á tán mọ́ wọn lórí afárá ló ń bà wọ́n. Bí wọ́n bá rí "wákàtí mẹ́jọ" níwájú wọn, ọkàn wọn á balẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni tiyín? Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ohun tó kàn wù yín, ohun tó ń dí yín lọ́wọ́ lójoojúmọ́ ni kí ẹ sọ.

Oníṣẹ́Iná_Mushin

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Èmi kì í ṣe onímọ́tò, èmi ni mo máa ń gbé ṣájà kọ́ sára ògiri fún àwọn onímọ́tò. Ohun tí ẹ sọ nípa iná tó lọ tó dé, òtítọ́ ni, àwọn ọkọ̀ kan wà tó máa ń bẹ̀rẹ̀ padà, àwọn mìíràn kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ bá mi fi èyí kún lẹ́tà náà: kí ọkọ̀ máa sọ ohun tó ń ṣe é. Ẹ ò mọ iye ìgbà tí wọ́n ń pè mí láti Ìkẹjà, láti Àjàó Estate, pé ṣájà ti bàjẹ́, tí màá sì débẹ̀ tí màá rí i pé kò sí ohun tó ṣe ṣájà. Earthing, ìyẹn wáyà tó ń gbé iná tó bá ṣìnà wọ inú ilẹ̀, ni kò sí. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ wa ni kò ní earthing tó dáa, ọkọ̀ oníná sì máa ń yẹ̀ ẹ́ wò kó tó gba iná. Bí kò bá rí i, kò ní gbà. Bákan náà ni jẹnẹrétọ̀ kékeré. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọn ò so wáyà neutral rẹ̀ mọ́ wáyà earth, ọkọ̀ á ní ilé náà kò ní earthing, á kọ̀. Oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ tún ìyẹn ṣe o, ẹ má ṣe fúnra yín.

Ohun tí ọkọ̀ máa ń kọ sójú síkírìnì ni "ṣájà kò ṣiṣẹ́." Tó bá lè kọ "kò sí earthing" tàbí "fóltéèjì jẹ́ 168, ó kéré jù," oníbàárà á mọ ẹni tó yẹ kó pè, kò sì ní sanwó ọkọ̀ fún mi lásán. Ọkọ̀ ti mọ̀ ọ́n nínú ara rẹ̀. Kó kàn sọ ọ́ jáde ni.

Ọ̀kan tó kù ni ínfátà. Tí wọ́n bá so ṣájà mọ́ ibi tí ínfátà ń gbé iná fún, tí iná bá lọ, bátìrì ilé lá máa kó iná rẹ̀ sínú bátìrì ọkọ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ilé ti ṣókùnkùn. Ibi tí iná ìta nìkan ń dé ni kí ẹ so ó mọ́.

ÌyáOlóògùn_Gbàgádà

Ẹ ṣé gan-an, ọ̀gá. Ti kí ó sọ ohun tó ń ṣe é yẹn ti wọ inú lẹ́tà. Ṣùgbọ́n lórí ínfátà, kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ní ilé tirẹ̀. Ayálégbé tó wà nínú fúláàtì, tí lánlọ́ọ̀dù kò jẹ́ kó fọwọ́ kan wáyà, kí ló máa ṣe? Ǹjẹ́ ọkọ̀ kò lè mọ̀ fúnra rẹ̀ pé iná ìta kọ́ nìyí, pé ínfátà tàbí jẹnẹrétọ̀ ni?

Oníṣẹ́Iná_Mushin

Kò lè dá a mọ̀ dáadáa, mà. Ínfátà tó dára máa ń mú iná tó mọ́ ju ti ìta lọ. Ohun tí ẹ lè béèrè ni bọ́tìnì nínú áàpù: "iná ìta," "jẹnẹrétọ̀," "má gba nǹkan kan." Tí èèyàn bá yan jẹnẹrétọ̀, kí ọkọ̀ má ṣe kọjá ámpù tí onílé bá ti kọ sílẹ̀ fún un. Jẹnẹrétọ̀ 5 kVA kò lè gbé ámpù 32 rárá, á kàn kú ni.

Dẹ́rẹ́bà_Yábàá

Mọ́mì, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Áàpù tí wọ́n fi ń pe ọkọ̀ ni mo fi ń ṣiṣẹ́, ọkọ̀ oníná tí ọ̀gá mi rà ni mò ń wà. Èmi ò ní wàhálà ṣáájì púpọ̀, ibùdó ni a ti ń ṣe é.

Ilẹ̀kùn ni ọ̀rọ̀ tèmi. Bí mo bá ti fi ọkọ̀ sí P, ìyẹn jíà tí a fi ń páàkì, gbogbo ilẹ̀kùn mẹ́rin á ṣí fúnra wọn. Ẹ ronú nípa ìyẹn ní Ọjọ́ta lálẹ́, tí ọkọ̀ ò lọ ò bọ̀, tí ẹsẹ̀ ń ro èèyàn, tó wá fẹ́ fi sí P kó lè sinmi díẹ̀. Èrò tó jókòó sẹ́yìn gbé báàgì sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, kò mọ̀ pé ilẹ̀kùn ti ṣí. Ọwọ́ ẹni tó bá ń kọjá lọ lè dé ibẹ̀ kí n tó yíjú padà. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èrò mi, fóònù ni wọ́n gbé. Mo wá ibi tí mo ti lè pa á nínú síkírìnì, kò sí. Nínú ọkọ̀ epo tí mo wà tẹ́lẹ̀, ilẹ̀kùn kì í ṣí àfi tí mo bá ṣí i.

Wáyà ṣájà náà wà níbẹ̀. Tí bátìrì bá ti kún, ọkọ̀ mi máa ń tú ẹnu wáyà sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Bàbà ló wà nínú wáyà yẹn, ẹ sì mọ bí àwọn tó ń ra bàbà ṣe pọ̀ tó. Kó dì í mú títí ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ á fi dé.

Lẹ́yìn náà ni ìrànlọ́wọ́ inú ọkọ̀ tí kì í fẹ́ kí ọkọ̀ kúrò lójú ìlà ọ̀nà, tó máa ń fa sítíárìn padà tí mo bá fẹ́ yà fún kòtò. Mo yà sápá òsì fún kòtò, ọkọ̀ fa mi padà sínú kòtò. Mo pa á láàárọ̀, bí mo bá ti pa ọkọ̀ tí mo tún tan án, ó ti padà. Bí mo ṣe ń gbé èrò tí mo ń já èrò, ṣé gbogbo ìgbà ni kí n máa wá a kiri ojú síkírìnì?

BàbáFẹ́sítàkì

Ẹ kú àkànṣe iṣẹ́ yìí, ọmọ mi. Iṣẹ́ ẹnjiníà ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì fi tayọ̀tayọ̀ ra ọkọ̀ oníná. Láti Ṣáínà ni tèmi ti wá tààrà, àwọn ará Ṣáínà fúnra wọn ni wọ́n ṣe é fún. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ohun tó wà lójú síkírìnì rẹ̀, èdè wọn ni. Mo ń fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀ kí n lè rí ìtumọ̀ rẹ̀. Máàpù rẹ̀ kò mọ̀ pé Nàìjíríà wà láyé. Síìmù inú rẹ̀ kò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbí, nítorí náà áàpù tí ẹ̀yin ń sọ, èmi ò ní in. Ápúdéètì kankan kò wọlé rí.

Mo fẹ́ kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún wa láti gba ápúdéètì nípasẹ̀ Wi-Fi tàbí fíláàṣì. Mo sì fẹ́ èdè. Bí Yorùbá kò bá tíì ṣeé ṣe, kí Gẹ̀ẹ́sì kún un tán pátápátá. Google fi ohùn Gẹ̀ẹ́sì bí àwa Nàìjíríà ṣe ń sọ ọ́ sínú Google Maps lọ́dún 2019, nígbà yẹn ni máàpù bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ àdúgbò wa kó yé èèyàn. Ẹni tó fẹ́ tajà fún wa lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó tún ku ìwọ̀n kìlómítà tí wọ́n ní bátìrì tó kún lè gbé èèyàn dé. Ìwọ̀n CLTC tí wọ́n ń lò ní Ṣáínà máa ń ga ju WLTP ti Yúróòpù lọ, ìyẹn gan-an sì máa ń ga ju ohun tí èèyàn á rí lójú títì lọ. Kí ọkọ̀ wo bí mo ṣe wà á lọ́sẹ̀ tó kọjá, kó fi ìyẹn ṣírò fún mi. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ èdè ló yẹ kó ṣíwájú lẹ́tà yín.

AkọKóòdù_Ṣómólú

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà. Sọ́fítíwíà ni iṣẹ́ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti báńkì ni mò ń kọ, kì í ṣe ti ọkọ̀. Àǹtí, ọ̀nà tí ẹ gbé e gbà yìí dára. Wọ́n máa ń gbọ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018, ìwé ìròyìn Consumer Reports ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ pé bíréèkì Tesla Model 3 kì í tètè mú ọkọ̀ dúró bó ṣe yẹ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, Tesla fi ápúdéètì ránṣẹ́ láti òkèèrè, ìwọ̀n ọ̀nà tí ọkọ̀ náà fi ń dúró láti eré 60 máìlì ní wákàtí kan sì fi nǹkan bíi mítà mẹ́fà kúrú sí i. Ẹnikẹ́ni kò gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ti iná tó lọ tó dé, kí ẹ lè mọ bí ẹ ṣe máa kọ ọ́. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú wáyà ṣájà tí ṣájà fi ń sọ fún ọkọ̀ iye ámpù tó lè gbà. Iná lọ, ṣájà dákẹ́, ọkọ̀ náà á wá sùn kó má bàa jẹ bátìrì kékeré 12V rẹ̀ tán. Tí iná bá dé, ṣájà á tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń jí á jí. Èyí tí wọn kò kọ́ á sùn lọ. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ báyìí: "Kí ọkọ̀ jí nígbà tí ṣájà bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀." Ẹni tó ń kọ kóòdù rẹ̀ á mọ ibi tó máa lọ lójú ẹsẹ̀. Ti ámpù náà rọrùn. Ṣájà kàn ń sọ iye tó pọ̀ jù ni, ọkọ̀ ní ẹ̀tọ́ láti gba èyí tó kéré sí i.

Bọ̀ọ̀dá dẹ́rẹ́bà, ti sítíárìn yẹn, òfin Yúróòpù kan wà nídìí rẹ̀. Òfin 2019/2144 ní kí gbogbo ọkọ̀ tuntun tí wọ́n bá ń tà níbẹ̀ láti oṣù Keje 2024 ní irú ìrànlọ́wọ́ yẹn, kó sì máa tan padà fúnra rẹ̀ nígbàkigbà tí wọ́n bá tan ọkọ̀. Òfin yẹn kò dé Èkó. Ẹ béèrè pé kí ọkọ̀ tó bá wà ní Nàìjíríà máa rántí ohun tí awakọ̀ yàn.

Ẹ má ṣe fi ohun tí sọ́fítíwíà kò lè ṣe kún un. Mo rí àwọn kan níbòmíràn tí wọ́n ń béèrè pé kí ọkọ̀ àwọn máa gbé iná fún ilé. Bí ẹ̀rọ rẹ̀ kò bá sí nínú ọkọ̀ láti ilé iṣẹ́, ápúdéètì kò lè dá a síbẹ̀. Kí oníkálukú sì kọ nọ́ńbà sọ́fítíwíà ọkọ̀ rẹ̀, ohun tó ṣe, ohun tí ọkọ̀ ṣe, àti ohun tó retí pé kó ṣe.

ÌyáOlóògùn_Gbàgádà

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Bàbá, ẹ má bínú, mi ò lè fi èdè ṣíwájú. Ó ṣe pàtàkì, ó sì máa ní ojú ewé tirẹ̀, torí pé ẹni tí kò lè ka síkírìnì ọkọ̀ rẹ̀ kò lè lo ohun yòókù tí a ń béèrè. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn tí dẹ́rẹ́bà sọ ti yí ọkàn mi padà. Ìyẹn kan ẹ̀mí èèyàn, gbólóhùn kan ló sì gbà láti kọ: kí ilẹ̀kùn má ṣe ṣí àfi tí awakọ̀ bá ṣí i. Òun ni màá kọ́kọ́ kọ. Iná tó lọ tó dé á tẹ̀ lé e, pẹ̀lú bí AkọKóòdù ṣe là á sílẹ̀, ìdúró ìṣẹ́jú mélòó kan, àti bọ́tìnì jẹnẹrétọ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ọkọ̀ sọ ohun tó ń ṣe é, wáyà tí kò gbọdọ̀ tú, sítíárìn, AC àti wákàtí rẹ̀, kìlómítà, kí a tó dé orí èdè àti ápúdéètì ti Bàbá.

Dẹ́rẹ́bà, bá mi béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ẹ jọ wà ní ibùdó bóyá ilẹ̀kùn tiwọn náà máa ń ṣí tí wọ́n bá fi sí P, kí o sì kọ irú ọkọ̀ tó jẹ́. Bí ó bá jẹ́ ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ ló ń ṣe é, lẹ́tà kan kò tó, oníkálukú ilé iṣẹ́ ló máa gba tirẹ̀.

Ní Gẹ̀ẹ́sì ni màá kọ lẹ́tà náà sí wọn, màá sì gbé e síbí kí ẹ kọ́kọ́ kà á. Nọ́ńbà sọ́fítíwíà ni mo ń dúró dè báyìí. Nínú tèmi, ibi tí wọ́n kọ "nípa ọkọ̀ yìí" sí ló wà, nísàlẹ̀ pátápátá. Bí tiyín bá wà níbòmíràn, ẹ sọ ọ́ kí ẹlòmíì lè rí i. Kí ẹ fi ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ Ẹtì, ẹ jọ̀ọ́.